Ìsinmi Tí Kò Ní Òkú Nínú

Nítorí pé ìyá wa kò kú ni wọ́n ṣe dá àbúrò mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò jalè. Kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ àfojúdi sí ọ̀gá kankan. Ilé-iṣẹ́ rán ènìyàn wá sílé wa ní Agége, wọ́n bá ìyá wa láàyè níbi tí wọ́n ti ń dín ẹja, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ayé sójà nígbà náà, ayé Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Àbúrò mi obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ hun àwọ̀n ìpẹja. Èmi jẹ́ oníròyìn ní ìwé ìròyìn kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Àwa méjèèjì ń gbé pẹ̀lú ìyá wa nítòsí Oko Ọba, níbi tí igbe màlúù ti máa ń jí ènìyàn kí aago tó dún. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa ti wá. Bàbá wa ti di olóògbé tipẹ́. Nínú ìdílé wa, kò sí ẹni tó mọ omi ju èyí tí a ń pọn lọ.

Òkè òkun ni òwú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n ti ń wá. Nígbà tí Sáàpù sọ náírà di yẹpẹrẹ, òwú di góòlù. Ẹ̀rọ tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lọ sílé, àwọn tó ṣẹ́kù sì ń ṣe iṣẹ́ tiwọn mọ́ iṣẹ́ àwọn tó lọ. Ìsinmi ọdọọdún wà nínú àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ bá wọn ṣe. Kò sẹ́ni tó fagi lé e, kò sì sẹ́ni tó ń rí i gbà. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ bá máníjà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn pé ó ti rẹ òun, máníjà á ní, "Ta ni kò rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ parí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣílẹ̀kùn: òkú. Kò sí ọ̀gá, ì báà jẹ́ òyìnbó, tó jẹ́ sọ fún ọmọ Yorùbá pé kó má lọ sìnkú òbí rẹ̀. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn. Obìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀rọ tó kángun sí ti àbúrò mi sọ fún mi pé, "Mo ti sin ìyá àgbà mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀kẹta yẹn, ẹkún gidi ni mo sun." Òmíràn ní bàbá ọkọ òun lòun máa ń pa, pé òun kò lè fẹnu kan ìyá òun. Wọ́n ní òfin tiwọn: ẹni méjì kì í ṣọ̀fọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, wọ́n á máa bi ara wọn wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ta lo máa pa lọ́dún yìí?" Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Àlàájà, ló máa ń tò ó kí òkú má baà pọ̀ jù.

Bóyá máníjà fura, bóyá kò fura. Irọ́ náà kúkú rọ òun náà lọ́rùn. Ẹni tó bá purọ́ kó tó gba ìsinmi kò ní lẹ́nu láti sọ pé ẹ̀tọ́ òun ni.

Àbúrò mi kò pa ẹnikẹ́ni rí. Láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé ló ti ń hun àwọ̀n, kò sì fojú kan omi tí wọ́n ń jù ú sí. Apẹja kan ló fi ọ̀rọ̀ omi sí i lọ́kàn. Ọmọ Ègùn ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé láàárín àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà lójú omi lọ́nà Àgbádárìgì, wọ́n sì máa ń wá ra àwọ̀n nílé-iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan àbúrò mi bi ọkùnrin náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹja máa ń rí àwọ̀n yìí kó tó kó sí i?"

Tọkọtaya náà wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ẹja ò sọ fún wa rí," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ wá wò ó fúnra yín. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á wọ inú ọ̀sà, gbogbo rẹ̀ á mọ́. Màá fi ọkọ̀ ìgbòkun mi gbé yín."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Aṣọ tí ẹ ò fẹ́ràn ni kẹ́ ẹ wọ̀ wá o."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ ká gbádùn. Ó ti rí i nínú kàlẹ́ńdà rí, àwọn òyìnbó tó fi dígí bojú, tí wọ́n fi ọpá rọ́bà sẹ́nu, tí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí omi bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ó lọ bá fọ́kanáísà tó ń lẹ táyà lójúde wa pé kó ṣe irú rẹ̀ fún òun. Ọkùnrin náà gé túùbù táyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó ki dígí fèrèsé sí i láàárín, ó lẹ̀ ẹ́ yípo. Rọ́bà tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ló di ọpá ìmí. "Màdáámù," ó ní, "bí omi bá wọ inú ẹ̀, ẹ má wá bá mi jà o. Táyà ni mo kọ́, n ò kọ́ ojú."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ bá máníjà. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

"Ta ló kú?" ni máníjà bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Ara gbogbo wa yá, sà. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbòkun lọ sí erékùṣù. Mo fẹ́ fi dígí wo abẹ́ omi."

Máníjà gbé bírò sílẹ̀. "Ìwọ? Ṣé òyìnbó lo fẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Ẹni tó ń hun àwọ̀n ni mí."

"Àwọn òyìnbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa, bí a bá ráyè, ilé là ń lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n ráyè náà, sà. Ibi tí mo bá lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó lé e jáde. Àlàájà gbọ́, wọ́n fà á sí kọ̀rọ̀. "Kí ló ń ṣe ìwọ ọmọ yìí? Pa ẹnì kan, kó o máa lọ. Pa bàbá rẹ. Ó kúkú ti kú tẹ́lẹ̀, kò ní dùn ún."

"Àlàájà, bàbá mi ti kú lẹ́ẹ̀kan, ó tó bẹ́ẹ̀. Ìsinmi mi ni. N ò ní fi òkú ẹnikẹ́ni rà á."

Ní ọjọ́ kejì, máníjà pè é padà. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Máa lọ," ó ní. "Gba ọ̀sẹ̀ méjì. Kí Ọlọ́run tù yín nínú." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ya àbúrò mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó rò pé ọkùnrin náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé Àlàájà ti fi ìwé tí kò lórúkọ sábẹ́ ilẹ̀kùn máníjà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ọmọ náà ló ṣaláìsí, pé ọ̀fọ̀ ló gba ọpọlọ rẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀ abẹ́ omi. Àánú ṣe máníjà. Ojú tún tì í pé òun fi ọmọ òkú ṣẹ̀sín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni sójà wá ti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa pa. Wọ́n fi àgádágodo sí géètì, wọ́n ní ká máa lọ títí a ó fi gbúròó wọn. Èmi náà ráyè. Mo ní màá sin àbúrò mi lọ. Ìyá wa ní, "Ẹ ò ní lọ bọ́ sómi kí n máa gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò. Tí omi bá máa gbé yín, kó gbé wa pọ̀."

Apẹja náà ń dúró dè wá létí omi. Ọkọ̀ rẹ̀ gùn, ó tínrín, ìgbòkun rẹ̀ sì jẹ́ àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tú, tí wọ́n wá rán pọ̀. Mo bi í níbi tó ti rí wọn.

"Agége," ó ní. "Ẹ̀yin ẹ jẹ búrẹ́dì, àwa gba àpò."

Ìyá wa jókòó sáàárín. Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì mú bí ẹni tó ń di ọmọ méjì lọ́wọ́ mú lójú títì. Nígbà tí atẹ́gùn kún ìgbòkun, ọkọ̀ náà fì sápá kan, ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà sókè.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ìyàwó apẹja wí, "bó ṣe ń rìn nìyẹn."

"Kó máa rìn," ni ìyá wa dáhùn. "Èmi náà ń bá tèmi lọ."

Erékùṣù tẹ̀lé erékùṣù. Òmíràn kò ju iyanrìn àti igi àgbọn mélòó kan lọ. Òmíràn ní ilé orí òpó, ewúrẹ́, àti àwọn ọmọdé tó ń sáré bá wa lọ létí omi. Atẹ́gùn ló ń gbé wa, kò sí ariwo ẹ̀rọ kankan. Àbúrò mi ní etí òun ń dún, pé ṣe ló dà bíi pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ṣì ń hun àwọ̀n nínú orí òun. Ní ọjọ́ kejì ó ní ó ti dákẹ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kó má tún padà.

Ọkọ̀ àwọn ológun ojú omi kan dá wa dúró lọ́nà. Wọ́n ń wá àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù òfin. "Wetin una carry?" ni ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

"Na visitor, oga," ni apẹja náà dáhùn.

"Visitor for wetin?"

Àbúrò mi dá a lóhùn ní Yorùbá pé ìsinmi la wà. Sójà náà gbọ́ Yorùbá. "Ìsinmi? Nínú Sáàpù yìí?"

Ìyá wa ní, "Ọmọ mi, Sáàpù ò ní ká má wo omi."

Ó wo ìyá wa, ó wo dígí táyà tó wà lọ́rùn àbúrò mi. Ó juwọ́ pé ká máa lọ. Wọ́n kọjá lọ, ìgbì wọn sì mi ọkọ̀ wa títí ìyá wa fi tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn erékùṣù tó ń gbé, apẹja náà ti ri ẹ̀ka igi púpọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ omi, yípo bí ọgbà. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Ẹja á rò pé ilé ni, wọ́n á wọ ibẹ̀, wọ́n á bímọ síbẹ̀, títí ọjọ́ tí apẹja á fi àwọ̀n yí i ká. Ó ti yí i ká lọ́jọ́ tí a lọ. Omi náà kò kọjá àyà. Àbúrò mi wọ ṣòkòtò mi kan, ó so dígí mọ́jú, ó bọ́ sílẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kíní, omi gba inú rọ́bà wọ ọ̀fun rẹ̀, ó wúkọ́ títí omijé fi bọ́. Ìyá wa ní, "Ó tó. Jáde." Kò jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, dígí ń jò. Ó tú u, ó fi itọ́ ra á bí ìyàwó apẹja ṣe kọ́ ọ, ó fún okùn rẹ̀ le. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dojú bolẹ̀, kò sì gbórí sókè mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ là ń wò, àti ẹnu rọ́bà tó yọ sókè, tó ń ṣe fùú, fùú. Mo ti bọ́ bàtà láti lọ fà á jáde.

Nígbà tó gbórí, ó ní, "Wọ́n ń rí i, Bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n ń rí àwọ̀n náà."

Ó ní ẹja kan rìn wá títí, ó dúró níwájú àwọ̀n, ó wò ó dáadáa, ó yà. Òmíràn wá, òun náà yà. Àwọn tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì ni kò ríbi yà sí.

"Ẹ má sọ fún ọ̀gá yín o," ni apẹja náà wí. "Wọ́n á ní àwọ̀n tuntun ti dé, wọ́n á gbówó lé e."

Àbúrò mi padà sísàlẹ̀. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló ń gbórí sókè láti ròyìn fún wa. Ó rí akàn tó ń fi ẹ̀gbẹ́ gungi. Ó rí edé tó mọ́ gaara tí òun ń rí oúnjẹ nínú ikùn rẹ̀. Ó rí ẹja pẹlẹbẹ kan tó kọ ilà dúdú sára. Nígbà tó yá, ìyá wa ní kí wọ́n gbé dígí náà wá. Wọn kò bọ́ sómi. Ìyàwó apẹja dì wọ́n mú níbàdí, wọ́n tẹ̀ síta láti inú ọkọ̀, wọ́n ki ojú bọ omi. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Ibo ni gbogbo wọn ń yára lọ báyìí?" ni ìyá wa bèèrè nígbà tí wọ́n gbójú sókè. "Ṣé iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ?"

Wọ́n tún ki ojú bọ̀ ọ́, títí ìborùn wọn fi tutù. Lẹ́yìn náà wọ́n ní bàbá wa ì bá rí èyí.

Bí a ṣe ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. A wọ ọkọ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù, a wo abẹ́ omi, a jẹ àgbọn. Lọ́sàn-án, àbúrò mi á sùn lábẹ́ igi. Láti ìgbà tó ti dàgbà, n kò rí i kó sùn lọ́sàn-án rí.

A padà sí Agége pẹ̀lú ẹja tí tọkọtaya náà fún wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, ìyá wa ń dín in lẹ́yìnkùlé, bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ dúró síwájú ilé. Tẹ́lẹ̀, bí òbí òṣìṣẹ́ bá kú, ilé-iṣẹ́ máa ń kó nǹkan lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Sáàpù ti pa àṣà yẹn tì, Àlàájà sì gbẹ́kẹ̀ lé èyí. Ṣùgbọ́n ojú ṣì ń ti máníjà. Ó rán akọ̀wé rẹ̀ wá pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan. Inú yàrá ni mo wà, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Ẹ káàsán, Màmá," ni akọ̀wé wí. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

"Ara ta ló fẹ́ ta kù? Ẹja lásán ni mò ń dín."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ibí ni wọ́n ti ń ṣe fídáù?"

"Fídáù ta ni?"

"Ti ìyá ọmọbìnrin kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́." Ó dárúkọ àbúrò mi.

"Ọmọ mi nìyẹn."

"Háà. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n olóògbé?"

"Èmi ni olóògbé," ni ìyá wa wí.

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ padà sínú bọ́ọ̀sì. Ìyá wa nawọ́ sí àpótí. "Jókòó. Wọn kì í wá síbi fídáù kí wọ́n má jẹun." Wọ́n bu ẹja fún akọ̀wé. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà jẹ́wọ́ fún mi pé, "Mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹja náà wò bóyá ó gbóná. Wọ́n ní oúnjẹ òkú kì í gbóná."

Àbúrò mi jáde sí wọn. "Ta ló sọ fún yín pé ìyá mi kú?"

"Ṣebí ìwọ lo sọ fún ọ̀gá."

"Abẹ́ omi ni mo sọ fún ọ̀gá."

Wọ́n gbé ìrẹsì padà sínú bọ́ọ̀sì. Ìyá wa sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. "Bí mo bá kú lóòótọ́," wọ́n ní, "ẹ má ṣe ìyọnu."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ìyá wa jókòó sídìí iná tó ti kú, wọ́n ní, "Wọ́n ti ṣàdúrà òkú fún mi níbi iṣẹ́ ọmọ mi. Àwọn wo ló ṣe àmín?" Wọ́n wá kọjú sí àbúrò mi. "Wọ́n á ní kó o wá tọrọ àforíjì. Má tọrọ ẹ̀. Bí o bá tọrọ ẹ̀, o ti gbà pé o pa mí nìyẹn."

Kí oòrùn tó wọ̀, Àlàájà dé, wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyá wa tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Wọ́n sọ gbogbo bó ṣe jẹ́. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Bí ilé-iṣẹ́ bá mọ̀, wọ́n á lé wọn lọ́wọ́ òfo. Ìyá wa gbé wọn dìde. Àbúrò mi ní, "Àlàájà, ẹ lọ sílé. N ò ní dárúkọ yín."

Ní ilé-iṣẹ́, máníjà àti ọ̀gá méjì mìíràn jókòó dè é. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ kò le: kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun purọ́, kó tọrọ àforíjì, wọ́n á kìlọ̀ fún un, á padà sídìí ẹ̀rọ.

"N ò purọ́, sà."

"Ta ló wá purọ́?"

"Ẹ̀yin ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín. Ẹ bi mí pé ta ló kú, mo ní kò sẹ́ni tó kú."

"A mọ̀ pé ẹnì kan ló bá ọ kọ ìwé náà. Dárúkọ onítọ̀hún, kó o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

"N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n ò sì ní tọrọ àforíjì. Ìsinmi mi ni mo gbà."

Máníjà rán an létí pé ìjọba ológun la wà, pé sójà kì í fojú rere wo òṣìṣẹ́ tó bá ń da ilé-iṣẹ́ rú. Wọ́n dá a dúró láìsanwó. Wọ́n ní bí kò bá wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, wọ́n á lé e pátápátá.

Láti ọjọ́ kejì, ó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ dúró ní òdìkejì géètì lárààárọ̀, títí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi wọlé tán. Kò gbé páálí kankan lọ́wọ́, kò pariwo. Ọlọ́dẹ ní kó kúrò. Ó ní títì ìjọba lòun dúró sí. Àwọn obìnrin ẹ̀ka rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ń kọjá. Lẹ́yìn náà wọ́n ń kí i. Nígbà tó yá, wọ́n ń dúró tì í díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Bí ó bá kúrò níbẹ̀, Aláúsá ló ń gbà lọ, sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Obìnrin kan tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní òun á wá sí ilé-iṣẹ́ náà, ó sì pàṣẹ pé kí olóògbé fúnra wọn wá. Bí èmi àti ìyá wa ṣe wọ ilé oúnjẹ ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà nìyẹn. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀ka àbúrò mi wà níbẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan sì dúró sẹ́nu géètì. Máníjà ló ní kí wọ́n wá.

Òṣìṣẹ́ ìjọba náà kọ́kọ́ kí ìyá wa. Ó wá bi gbogbo wọn pé, "Ta ló sọ fún máníjà pé ìyá yìí kú?"

Àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Àlàájà dìde.

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ yìí sọ òtítọ́ fún wọn, wọ́n lé e jáde. Mo purọ́ fún wọn, wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Máníjà ní ìjẹ́wọ́ nìyẹn, pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́ ọ. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, obìnrin tó jókòó sí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ àbúrò mi ti dìde. "Èmi náà ti sin ìyá àgbà mi lẹ́ẹ̀mẹta níbí. Ìwó ni wọ́n wà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi kí wọn." Ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní, "Bàbá mi tó kú lọ́dún tó kọjá ló ra bàtà yìí fún mi lóṣù tó kọjá." Wọ́n rẹ́rìn-ín, òmíràn dìde, òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, wọn kò sọ ẹni tí wọ́n pa mọ́. Wọ́n kàn ń dìde ni, títí kò fi sí ẹni tó jókòó mọ́ nínú ẹ̀ka náà, àfi àbúrò mi àti ìyá wa.

"Ẹ jókòó," ni òṣìṣẹ́ ìjọba náà wí. Wọn kò jókòó. Ó wò wọ́n, ó wo máníjà, ó sì sọ ohun tó kàn bí wọ́n ṣe dúró yẹn.

Ó ní kí àbúrò mi padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sì san owó gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi dá a dúró. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Àlàájà, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn tó dìde, títí ìwádìí á fi parí. Láti ọjọ́ náà lọ, bí òṣìṣẹ́ bá bèèrè ìsinmi, ọjọ́ tó fẹ́ lọ àti ọjọ́ tó máa padà nìkan ni ilé-iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í. Ó ní ilé-iṣẹ́ lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì gómìnà ológun, pé bí gómìnà bá yí i padà, òun kò ní agbára kankan mọ́. "Títí a ó fi gbọ́ láti ọ̀dọ̀ gómìnà," ó ní, "bí mo ṣe wí ni. Lóṣù tó ń bọ̀, mo máa padà wá síbí, mo máa bi yín lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ rí ìsinmi yín gbà."